Ẹni Tí Èéfín Ń Tẹ̀ Lé

Ìyá Àpótí kò dákú rí láyé rẹ̀, ó sì máa ń fi í yangàn. Nígbà tí wọ́n wá gbé e jáde kúrò nínú yàrá òtútù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí páálí níbi tí oòrùn ti ń ràn, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ là ni pé, "Ta ló dákú?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá," Ìjì dáhùn.

"Irọ́ lo pa."

"Ó dáa, ẹ ò dákú. Ẹ kàn gbé orí lé àwọn ápù ni, ẹ wá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀."

Àwọn obìnrin tó yí i ká rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tí àyà ń já ni. Àwọn kan nínú wọn náà ti ń di orí mú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí wọ́n ń sọ pé òtútù ló ń ṣe àwọn.

Ilé ìtọ́jú èso ni ibi iṣẹ́ wa. Èso ń ti oko dé, a ń kó o sínú yàrá òtútù méjì tó dojú kọra, àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ Ìyá Àpótí ń ṣà á, wọ́n ń tò ó sínú páálí, ọkọ̀ ńlá á sì wá kó o lọ. Fọ́kílíìfù méjì ló ń gbé ẹrù káàkiri láàárín wọn. Ọkọ̀ kúkúrú oníwo méjì ni. Á ti ìwo bọ abẹ́ ẹrù tí ọkùnrin mẹ́wàá ò lè mì, á sì gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Gáàsì ìdáná ni wọ́n ń mu. Ọmọbìnrin tí à ń pè ní Ìjì ló ń wa ọ̀kan nínú yàrá ọ̀tún. Àbúrò bàbá mi ló ń wa èkejì nínú yàrá òsì. Èmi ń pè é ní Bàbá Kékeré. Gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè é ní Bàbá Rọra. Yàrá òsì ni Ìyá Àpótí ṣubú sí.

Èmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà lókè àgbàlá, níbi tí à ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì. Bàbá Kékeré, tó gbà mí sílé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ló bá mi wá iṣẹ́ yìí. Ó ní kí n lọ máa tú ohun tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn tú, kí rédíò ìyàwó òun lè sinmi. Kò parọ́ mọ́ mi. Bí nǹkan bá ti wà ní dídì níwájú mi, ara mi ò ní balẹ̀ títí n ó fi mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó wá yẹ Ìyá Àpótí wò sọ pé èéfín ni. Kì í ṣe èéfín dúdú tí ojú ń rí o. Gáàsì kan wà tí ẹ́ńjìnì máa ń tú jáde nígbà tí ohun tó ń mu ò bá jóná tán. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bó bá sì ti wọnú ẹ̀jẹ̀, á gba ìjókòó mọ́ atẹ́gùn tó yẹ kó wà níbẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé pè é ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì. Kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó rọ̀, àwọn obìnrin ìtò páálí ti sọ ọ́ ní Wọlé-má-kànkùn, orúkọ yẹn ló sì mọ́ ọn lára.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ta kókó ni pé a ti wá nǹkan ṣe sí gáàsì yìí tẹ́lẹ̀. Kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀gá ti ní kí wọ́n so àpótí irin kan mọ́ sàlẹ́ńsà fọ́kílíìfù kọ̀ọ̀kan. Àpótí náà ò ju búrẹ́dì kan lọ. Gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnì bá tú jáde gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ni oró rẹ̀ á sì ti pòórá. Gbogbo wa ń pè é ní asẹ́.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ dé. Obìnrin tó ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀ ni, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló sì máa ń ṣíwájú rẹ̀ dé etí ẹni.

"Asẹ́ wà lára ẹ̀rọ méjèèjì àbí kò sí?"

"Ó wà, mà," ni mo dáhùn.

"Kí ló wá ń ṣe àwọn èèyàn ní yàrá òsì, tí kò ṣe wọ́n lọ́tùn-ún?" Ó yíjú sí Bàbá Kékeré, tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń fún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni fún aṣọ. "Bàbá, kí lẹ ń ṣe sí ẹ̀rọ yìí?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan sí i, Ọ̀gá. Mo ń wà á jẹ́jẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Bàbá Kékeré kì í sáré, kì í fi ìwo ẹ̀rọ kan ògiri, kì í sì fun fèrè. Bí ẹnì kan bá kẹ̀yìn sí i, á dúró, á wúkọ́ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá àgbà. Bó bá gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, á pa ẹ́ńjìnì, kí ariwo má baà dí wọn lọ́wọ́, kí èéfín má sì fẹ́ sí wọn lójú. Á bọ́ ìbọ̀wọ́, á tẹ́ ẹ lé asẹ́ kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì fi sùúrù dúró títí wọ́n á fi kó ẹrù kúrò. Ìgbà yẹn ni á tó tún tan ẹ́ńjìnì.

Ìjì, ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Orí eré ló ti ń yípo. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í kú láti àárọ̀ àfi tí gáàsì bá tán. Orí ẹ̀rọ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń kọrin, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn obìnrin jà pé wọn ò yára. Tí èéfín bá máa pa èèyàn nílé iṣẹ́ wa, ọ̀dọ̀ Ìjì ló yẹ kó ti wá. 

Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ méjèèjì wá. Bàbá Kékeré wa tiẹ̀ gun òkè àgbàlá wá sí ṣọ́ọ̀bù, Ìjì tẹ̀ lé e. Mo ti imú mítà tó ń wọn gáàsì náà bọ sàlẹ́ńsà ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo nọ́ńbà. Ti Ìjì mọ́. Ti Bàbá Kékeré náà mọ́ tónítóní, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yọ mítà náà, tí mo gbọ̀n ọ́n, tí mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ó ṣì mọ́.

"Ṣé mo yege?" Bàbá Kékeré bi mí.

"Ẹ yege."

"Kí ló wá gbé ìyá oníyàá ṣubú?"

 Ní yàrá òsì, mítà kékeré tí wọ́n ń fi kọ́ àyà, tó máa ń ké bí gáàsì náà bá pọ̀, ké títí tí a fi kó gbogbo àwọn obìnrin jáde. Ní yàrá ọ̀tún, kò dún.

Bóyá yàrá ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gun àkàbà, mo yẹ fáànù àti ihò atẹ́gùn yàrá méjèèjì wò. Ìkan náà ni wọ́n. Bóyá ẹ̀rọ ni, bí mítà mi bá tiẹ̀ sọ pé rárá. Mo ní kí Ìjì àti Bàbá Kékeré pààrọ̀ ẹ̀rọ, kí kálukú dúró sí yàrá rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ìjì ni eré ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń wo bí Bàbá Rọra ṣe ń fi asẹ́ yá ìbọ̀wọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti ń jowú rẹ̀. Bó ṣe gun ẹ̀rọ Bàbá, tó gbé ẹrù bíi mélòó kan, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tiẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé asẹ́. Kò pẹ́ tí òórùn fi ta, tí ìbọ̀wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀rọ Bàbá ti jẹ ìbọ̀wọ́ mi!"

"Ó mọ olówó orí ẹ̀," obìnrin kan pariwo. "Kò gba ọwọ́ ọkùnrin kejì."

"Èmi kì í ṣe ọkùnrin!"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ ẹ́!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé páálí kan ṣubú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan tí mò ń wá kiri wà lọ́wọ́ Ìjì, ó ń rú èéfín, mo sì kọjá lára rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, mítà àyà ké ní yàrá òsì, níbi tí Bàbá Kékeré ti ń wa ẹ̀rọ Ìjì. Kò ké lọ́tùn-ún. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìyẹn. Lọ́jọ́rú mo dá ẹ̀rọ kálukú padà fún un, mo ní kí wọ́n pààrọ̀ yàrá. Bàbá Kékeré bọ́ sí ọ̀tún, Ìjì bọ́ sí òsì. Mítà dákẹ́ lósì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́tùn-ún.

Mo dúró láàárín àwọn ilẹ̀kùn méjèèjì, mo di orí mú. Kì í ṣe yàrá. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Èèyàn ló kù.

Mi ò sọ ọ́ síta, àmọ́ ojú àwọn obìnrin náà ò fọ́. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Rọra, kí lẹ jẹ sùn?"

"Ẹ bá wa ya ẹnu wò, Bàbá, bóyá ibẹ̀ ni sàlẹ́ńsà wà."

Bàbá Kékeré náà rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu, ó fi han wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yẹ̀yẹ́ ti kan. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn páálí pé bóyá bàbá náà ń tú asẹ́ tó bá ti rí pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, pé àgbà kì í fẹ́ràn ohun tuntun. Ẹlòmíràn ní òun ò ní bá a wọ yàrá kan náà mọ́. Bó ṣe ń kọjá, wọ́n ń yà fún un, kì í sì í ṣe yíyà ọ̀wọ̀.

Ọ̀gá pè wá. Kò jókòó.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù níbí, mi ò sì fẹ́ rí yín fín. Àmọ́ èéfín ń tẹ̀ lé yín, èmi ò sì lè máa sin òkú. Bí a ò bá rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀yin á fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ máa wá bá wa ṣí géètì."

"Géètì," ni Bàbá Kékeré wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀.

"Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí a délé, Ìyá Kékeré, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ síwájú wa. Bàbá Kékeré ò jẹ ẹ́. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bàbá ọmọ," Ìyá Kékeré ní, "ṣé mo fi iyọ̀ jù ú ni?"

"Oúnjẹ dáa." Ó yíjú sí mi. "Orí ìjókòó yẹn ni mo ti tọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé yunifásítì, orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Mi ò bínú pé mo ń darúgbó. Àmọ́ tí wọ́n bá máa sọ̀ mí kalẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ bí ẹni tó ń pa èèyàn." Ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ tó o kàwé. Ṣé èéfín lè fẹ́ràn èèyàn ni?"

"Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá Kékeré."

"Kí ni mò ń ṣe nígbà náà?"

Ìbéèrè yẹn ló tún orí mi ṣe. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń bi ara mi pé kí ló *wà* níbẹ̀: yàrá wo, ẹ̀rọ wo, àpótí wo. Mi ò tíì bi ara mi pé kí ni ọkùnrin yìí ń *ṣe*.

Lọ́jọ́bọ̀ a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yàrá òsì sílẹ̀, a kó fáànù sí i, a ní kí àwọn obìnrin náà dúró síta, kí wọ́n máa wá gba ẹrù lẹ́nu ọ̀nà. Mo so imú mítà mọ́ sàlẹ́ńsà Bàbá Kékeré pẹ̀lú okùn gígùn, mo sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń da ewúrẹ́.

"Ẹ ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe lójoojúmọ́," mo wí fún un.

Ó tan ẹ́ńjìnì. Nọ́ńbà fò sókè. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ẹ́ńjìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí máa ń mu ju bó ṣe yẹ lọ, kì í sì í jó o tán. Ó gbé ẹrù, ó rọra wà á lọ sẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó ń wálẹ̀ bọ̀ dáadáa. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, ó wúkọ́, ó pa ẹ́ńjìnì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ ẹ lé asẹ́. Ó kí wọn. Wọ́n kó ẹrù, kò yára lọ́wọ́ wọn. Atẹ́gùn yàrá òtútù ń fẹ́ lu wá. Ó wọ ìbọ̀wọ́ padà, ó tan ẹ́ńjìnì. Nọ́ńbà tún fò sókè, bí ẹni tí kò tíì wálẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ, tí a ń bọ̀. Kò sí ìgbà kan tí nọ́ńbà náà dé ìsàlẹ̀ kí Bàbá Kékeré tó pa ẹ́ńjìnì.

Mo wo ìbọ̀wọ́ tó wà lórí asẹ́. Aṣọ ni. Kò pọ́n, kò jóná, kò tiẹ̀ gbóná ju ọwọ́ èèyàn lọ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé irin àpótí náà, mo sì fi í síbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kan náà ló jẹ ìbọ̀wọ́ Ìjì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Kí ló dé tó o ń rẹ́rìn-ín?" Bàbá Kékeré bi mí.

Mo ti sáré jáde, mo ń lọ sọ́dọ̀ Ìjì. Mo so mítà mọ́ sàlẹ́ńsà tiẹ̀. Nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń yípo, tó ń jẹ búrẹ́dì, tó ń bi mí pé ṣé orí mi pé. Mo tu itọ́ sí ìka, mo kàn án mọ́ asẹ́ rẹ̀. Ó ké "ṣìì!"

Ìgbà náà ni mo rántí òkè àgbàlá. Mo mọ ìdí tí ẹ̀rọ Bàbá Kékeré fi mọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Láti yàrá òtútù, ó gbọ́dọ̀ gun òkè náà láìdúró, ẹ́ńjìnì á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ìgbà tó bá ń bọ̀ wá ṣe ìdánwò nìkan ni ara asẹ́ rẹ̀ ń gbóná.

Mo padà sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, mo jókòó tì í lórí páálí tó dojú dé.

"Bàbá Kékeré, a ti ń pè é ní asẹ́, kì í ṣe asẹ́."

"Kí ni?"

"Asẹ́ á gba ìdọ̀tí dúró, á kún, wọ́n á gbọ̀n ọ́n nù. Èyí ò gba nǹkan kan dúró. Inú rẹ̀ dà bí afárá oyin, oníhò wẹ́wẹ́. Wọ́n wá fi irin kan tó ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ kun ara ihò náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọlé-má-kànkùn ń kọjá níbẹ̀, atẹ́gùn náà ń kọjá. Irin yẹn á mú wọn pàdé, wọ́n á so pọ̀, wọ́n á sì di irú gáàsì tí èmi àti ẹ̀yin ń mí síta. Òun fúnra ẹ̀ ò ní bá wọn lọ. Á dúró síbẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó ronú sí i. "Alárinà ni."

"Alárinà gan-an ni. Kì í bá tọkọtaya gbélé. Àmọ́ alárinà yìí ní ìwà kan. Bí ara ẹ̀ ò bá gbóná, kò ní la ẹnu. Á kàn máa wò wọ́n ni, wọ́n á gba iwájú ẹ̀ kọjá láìpàdé."

Bàbá Kékeré wo ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ kó tó yé e. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe yé e, inú mi sì bà jẹ́ pé mo ti rẹ́rìn-ín.

"Mo máa ń pa á nítorí tiwọn ni," ó wí.

"Mo mọ̀."

"Kí wọ́n tó gbé àpótí yẹn dé, tí n kò bá pa á, ojú wọn á máa ṣomi. Èmi ni mo kọ́ ara mi. Kò sẹ́ni tó rán mi." Ó yí ìbọ̀wọ́ náà po. "Ìjì tó ń ṣe bí ẹhànnà, ara wọn le lọ́dọ̀ ẹ̀. Èmi tí mò ń rọra, mo gbé Ìyá Àpótí ṣubú."

"Ohun tí ẹ ń ṣe dáa nígbà tí kò sí àpótí. Àpótí ló dé, tí a ò sọ bí ìwà ẹ̀ ṣe rí fún yín. Èmi gan-an ń pè é ní asẹ́."

"O fẹ́ kí n máa fọn ọ́n sí wọn lójú ni?"

"Kí ẹ má pa á láàárín iṣẹ́ ni. Kí ẹ sì yá a níta kí ẹ tó wọlé. Tí ìsinmi bá máa pẹ́, ẹ gbé e jáde kí ẹ tó pa á."

Ó mi orí, kì í ṣe bí ẹni tó gbà. "Ọwọ́ mi ò ní gbọ́."

Ọ̀gá náà ò tètè gbà. Ó ní òun ò gbọ́ ọ rí pé kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lọ kí afẹ́fẹ́ lè dáa. Ó ní ó jọ kí èèyàn máa bu epo sí iná kó lè kú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ló sọ, ọjọ́ Ẹtì sì ti dé. A kóra jọ sí àgbàlá láàárọ̀. Ìyá Àpótí, tí wọ́n ní kó sinmi sílé, ti wà níbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa, ó fi mítà kékeré kọ́ àyà.

"Èmi tí mo ṣubú ni n ó wọlé," ó wí. "Bí mo bá tún ṣubú, a jẹ́ pé irọ́ ni yunifásítì."

"Ẹ ṣáà ti ní ẹ ò ṣubú, Ìyá," Ìjì wí.

"Pa ẹnu ẹ dé."

Bàbá Kékeré tan ẹ́ńjìnì níta, ó gbé pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó tí ẹrù ń jókòó lé, ó gun òkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gùn ún. Èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú mítà. Nọ́ńbà kọ́kọ́ ga. Nígbà tó yá ó ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ẹnì kan la fèrèsé. Mo juwọ́ sí i pé kó wọlé.

A ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àpótí bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Bàbá Kékeré gbé ẹrù wọlé, ó dé iwájú àwọn obìnrin, ó wúkọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ariwo ẹ́ńjìnì. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá Kékeré!"

Ó fa ọwọ́ náà padà. Ó wò ó bí ọwọ́ ẹlòmíràn, ó sì jókòó lé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o!" ló pariwo. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé iṣẹ́ yẹn, mi ò gbọ́ kó pariwo rí.

"Bàbá Rọra," Ìyá Àpótí pariwo padà, "èmi lẹ ń lọgun mọ́?"

"Ẹ má bínú! Ọmọ mi ló ní kí n máa lọgun!"

Wọ́n ń kó ẹrù. Mítà àyà ò ké. Ọ̀gá ń wò ó, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò mì. Ẹrù kejì wọlé, ẹ̀kẹta wọlé. Mítà dákẹ́ bí òkúta. Ọwọ́ Bàbá Kékeré tí kò rí nǹkan ṣe ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo rí i tó bọ́ ìbọ̀wọ́ bí ìṣe rẹ̀, tó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, tó tẹ́ ẹ lé ibi tó máa ń tẹ́ ẹ lé.

Ìyá Àpótí ló kọ́kọ́ fa imú. "Kí ló ń jóná?"

Bàbá Kékeré fò dìde. Ó já ìbọ̀wọ́ náà gbà, ó fi na itan, ó gbé e sókè. Ihò tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá. Ó fi ojú kan wo gbogbo wa láti inú ihò náà.

"Alárinà ti jí," ó wí.

Ìjì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àpótí jókòó sílẹ̀ nítorí ẹ̀rín, èmi tí mo rò pé ó ṣubú sì fò mọ́ ọn, la bá jọ yí lulẹ̀ sínú páálí. Nígbà tí a fi dìde, kọ́kọ́rọ́ Ọ̀gá ti ń dún.

"Ẹ lọ gba ìbọ̀wọ́ míì," ó wí fún Bàbá Kékeré. "Kí ẹ padà sórí ìjókòó yín. Géètì á wá ẹlòmíràn." Ó ń lọ, ó tún yíjú padà. "Kí ẹ sì kọ́ Ìjì bí wọ́n ṣe ń rọra."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá dé ilé iṣẹ́ wa láàárọ̀, ẹ ó rí Bàbá Rọra tó ń gun òkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, láìgbé nǹkan kan tó ní láárí. Kó tó wọlé, á ki ìka bọ omi, á ta á sára àpótí irin náà. Bó bá ké "ṣìì", á wọlé. Bí kò bá ké, á tún gun òkè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń jẹun, ó gbé orí sókè.

"Alárinà yẹn, ṣé kì í darúgbó?"

"Wọ́n ní ó máa ń darúgbó. Wọ́n ní ohun tó wà nínú ọ́ìlì á máa bo ojú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Báwo la ṣe máa mọ̀, bó bá di pé ara ẹ̀ ń gbóná, àmọ́ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́?"

Mo dá oúnjẹ dúró.  Ìka mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí yóò tú. Ìyá Kékeré wo ojú mi, ó dìde, ó sì gbé rédíò rẹ̀ wọ yàrá.